Bíìtì Méjì Tó Ṣófo

Ojú ìwé kan nínú PostgreSQL jẹ́ báìtì 8,192. Ìlà àkọsílẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ìwé kan, orí ojú ìwé yẹn náà ló gbọdọ̀ parí sí. Kò sí pé ìdajì rẹ̀ wà níhìn-ín, kí ìdajì tó kù wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń fi orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà fóònù wọn pamọ́ lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìmọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi odindi ìtàn ìlú kan sínú ìlà kan ṣoṣo ni yóò bá a pàdé.

PostgreSQL jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò káàkiri ayé láti tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú tábìlì: ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tàbí nǹkan kọ̀ọ̀kan, òpó kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 1986, lábẹ́ Michael Stonebraker. Lónìí, àwọn tó ń kọ kóòdù rẹ̀ fọ́n ká orílẹ̀-èdè púpọ̀, kóòdù náà sì wà ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí i kà. Ibi kékeré kan nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wò: ibi tí ètò náà ti ń fún dátà pọ̀ kí ó tó fi pamọ́, àti bí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ṣe ṣí àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà ìfúnpọ̀ tuntun láìfọwọ́ kan ẹyọ dátà kan nínú ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ní ẹ̀dà 7.1, tó jáde ní ọdún 2001, Jan Wieck mú ètò kan wọlé tí wọ́n sọ ní TOAST. Kì í dúró kí ìlà kan tó kún ojú ìwé kó tó dìde. Bí ìlà bá ti kọjá nǹkan bí 2,000 báìtì, TOAST á dá a dúró. Á wo gbogbo òpó inú rẹ̀, á mú èyí tó tóbi jù, á gbìyànjú láti fún un pọ̀. Á tún ìlà náà wọ̀n. Bó bá ti wọ ìwọ̀n, ó parí. Bí kò bá wọ̀ ọ́, á mú èyí tó tóbi tẹ̀lé e, á fún òun náà pọ̀, á tún wọ̀n. Nígbà tí fífún pọ̀ nìkan kò bá tó, á gbé dátà tó wúwo jù kúrò nínú ìlà, á gé e sí ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 2,000 báìtì, kí mẹ́rin lè gbé ojú ìwé kan, á sì kó wọn lọ sínú tábìlì kejì tó wà ní ìpamọ́ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdílé rẹ̀ àti nọ́ńbà ipò rẹ̀, kí a lè pè wọ́n padà ní ẹsẹẹsẹ. Ohun tó kù nínú ìlà ni àmì ìtọ́ka tí kò ju báìtì 18 lọ.

Ẹni tó ni tábìlì lè sọ bí òun ṣe fẹ́ kí a ṣe òpó kọ̀ọ̀kan: kí a má fọwọ́ kàn án rárá, kí a gbé e jáde láìfún un pọ̀, kí a fún un pọ̀ ṣùgbọ́n kí a fi gbígbé jáde ṣe ìgbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, tàbí kí a ṣe méjèèjì bó ṣe yẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpó tó lè gùn ń lò, ẹni tó ni wọ́n kì í sì í mọ̀.

Ọwọ́ tó ń fún dátà pọ̀ nínú ètò yìí ló yẹ kí a tẹjú mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni pglz, Jan Wieck náà ló kọ ọ́. Nínú fáìlì kóòdù náà fúnra rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Adisak Pochanayon, ẹni tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ fi ọ̀nà hàn án. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju ìyẹn lọ: ó kan iṣẹ́ tí Abraham Lempel àti Jacob Ziv gbé jáde ní ọdún 1977. Ìmọ̀ràn wọn ni pé bí àwọn báìtì kan bá ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí a má tún wọn kọ. Kí a sọ iye báìtì tí olùkà máa fi padà sẹ́yìn àti iye tí yóò dà kọ níbẹ̀.

Bí pglz ṣe ń ṣe é nìyí. Ó ń ka dátà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tó bá dé, ó mú báìtì 4 tó wà níwájú rẹ̀, ó sún wọn sí apá òsì ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó pò wọ́n pọ̀ di nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yẹn ló fi ń wo inú àkójọ kan tó ń sọ ibi tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti yọjú rí. Bó bá rí ibì kan, kò tíì gbà á gbọ́; nọ́ńbà lè jọra kí báìtì má jọra. Á wá fi báìtì kan wé èkejì, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, títí dé ibi tí wọ́n ti yà. Á kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀, á wo ibòmíràn tó tún jọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn sí i, bóyá á rí èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò ní wá a títí láé. Ohun tó ń ṣe níbí yìí wù mí púpọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwákiri, èyí tó bá gùn tó báìtì 128 ló kà sí èyí tó dára tó, tí kò ní wá òmíràn mọ́. Bó ṣe ń padà sẹ́yìn láti ibì kan sí ibòmíràn tí kò rí irú ẹ̀, ó ń dín ohun tó ń béèrè kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i tó ti ń wá a, bẹ́ẹ̀ ló ṣe túbọ̀ ń gbà láti fi ohun tó ti wà lọ́wọ́ ṣe é. Ìlà kóòdù bíi mélòó kan péré ló gbé gbogbo èyí.

Tó bá ti yàn án, ó máa kọ àmì báìtì 2 sílẹ̀, ìyẹn bíìtì 16. Bíìtì 12 nínú rẹ̀ ń sọ bí a ó ṣe padà sẹ́yìn tó, bíìtì 4 ń sọ gígùn. Bíìtì 12 kò lè ka iye tó ju 4,095 lọ, nítorí náà pglz kò lè rí ohun tó kọjá ìyẹn lẹ́yìn. Bíìtì 4 sì lè ka 0 dé 15, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fi àmì báìtì 2 dípò báìtì 1 tàbí 2. Ohun tó kéré jù ni báìtì 3. Nítorí náà 0 dúró fún 3, 1 dúró fún 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé 17. Bí gígùn bá tó 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 15 á di ìfilọ̀ pé báìtì kẹta ń bọ̀, báìtì kẹta yẹn á sì gbé e dé 273. Ṣáájú gbogbo ohun mẹ́jọ, yálà báìtì lásán ni tàbí àmì ìpadà, báìtì ìdarí kan máa ń wà. Bíìtì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ èwo nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni àmì, èwo ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ wa dán an wò. Mú «kíákíákíákíá». Nínú UTF-8, tí í ṣe ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń kọ lẹ́tà, «k» jẹ́ báìtì 1, «í» jẹ́ 2, «á» jẹ́ 2. Kíá kan jẹ́ báìtì 5, mẹ́rin jẹ́ 20. pglz á kọ báìtì 5 àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe rí. Ní ibi kẹfà, á rí i pé òun ti pàdé èyí rí, báìtì 5 sẹ́yìn. Á wá fi wéra: báìtì 5 jọra, 10 jọra, 15 jọra, ọ̀rọ̀ tán. Ohun tó máa kọ ni: padà sẹ́yìn ní 5, da 15 kọ. Báìtì ìdarí 1, báìtì lásán 5, àmì 2: àpapọ̀ 8 dípò 20.

Ẹ tún un wò dáadáa. Ó ní kí a da báìtì 15 kọ láti ibi tó jẹ́ báìtì 5 péré ló tíì wà. Nígbà tí ẹni tó ń tú u bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ, báìtì kẹfà tó fẹ́ mú ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá. Ohun tó ń kọ ló ń bọ́ ohun tó ń kà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń kọ kóòdù ìtúsílẹ̀ kò fi lè da gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan náà láìṣọ́ra. Ó ní láti máa ṣe é ní ìwọ̀n ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìwọ̀n yẹn á sì máa di ìlọ́po méjì bí ó ṣe ń lọ. (Nínú PostgreSQL, kíá mẹ́rin kò ní dé ọ̀dọ̀ pglz rárá, torí kì í gba ohun tí kò tó báìtì 32. Mo mú un kí ojú lè ká gbogbo iṣẹ́ náà ni.)

Èdè wa tún ní ohun mìíràn níbẹ̀. Lẹ́tà «ọ̀» kò ní ẹyọ tirẹ̀ kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí UTF-8 ń kọ. «ọ» gba báìtì 3, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ gba 2; lẹ́tà kan, báìtì 5. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe ìkànnì pé ìdí tí wọ́n fi ń yọ àmì kúrò nìyí, pé ó ń gba ààyè. Wo bó ṣe rí lábẹ́ ọwọ́ pglz: «ọ̀rọ̀» jẹ́ báìtì 11, ṣùgbọ́n «ọ̀» kejì á di àmì báìtì 2, nítorí báìtì 5 rẹ̀ ti kọjá ní ibi 6 sẹ́yìn. Nínú àpilẹ̀kọ gígùn, «ọ̀», «ẹ́», «ọ́» á máa tún yọjú ní gbogbo gbólóhùn, pẹ̀lú lẹ́tà tó yí wọn ká. Púpọ̀ nínú owó tí àmì ohùn ń ná wa ni ìfúnpọ̀ ń dá padà.

pglz mọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́. Bó bá ti ka báìtì 1,024 àkọ́kọ́ tí kò rí ẹyọ ohun kan tó jọra, á dá iṣẹ́ dúró; àwòrán JPEG tàbí fáìlì tí a ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí láti máa fún òkúta. Bó bá parí tí èrè rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, á ní òun kò rí i ṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó pè é níṣẹ́ tún máa ń fi ojú ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Dátà tí a fún pọ̀ lè nílò báìtì 3 òfìfo kí ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó gún, nígbà tí èyí tí a kò fún pọ̀, bó bá kúrú, lè má nílò ọ̀kankan. Nítorí náà èrè náà gbọdọ̀ ju báìtì 2 lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó dá a nù, a ó sì tọ́jú ojúlówó. Báìtì 2! Wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kóòdù náà gbọọrọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa rò pé àṣejù ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún pglz nìkan ló wà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ní ọdún 2011, Yann Collet gbé ọ̀nà ìfúnpọ̀ kan tó ń jẹ́ LZ4 jáde. LZ4 kò ní báìtì ìdarí tí a ó máa yẹ̀ wò ní bíìtì kọ̀ọ̀kan. Báìtì kan ló fi ń ṣí ìpele kọ̀ọ̀kan: ìdajì rẹ̀ ń sọ iye báìtì lásán tó ń bọ̀, ìdajì kejì ń sọ gígùn ohun tí a ó dà kọ lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ń tú u á kó báìtì lásán yẹn lápapọ̀, á ka báìtì 2 tó ń sọ bí a ó ṣe padà sẹ́yìn tó, tó lè dé 65,535, á dà á kọ, á bọ́ sí ìpele tó kàn. Kò sí ìdúró lójú ọ̀nà. Nítorí èyí, LZ4 yára ju pglz lọ dáadáa, pàápàá níbi ìtúsílẹ̀, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe wàhálà púpọ̀ lórí rẹ̀.

Kí wá ni ó dé tí wọn kò kàn fi LZ4 rọ́pò pglz? Dátà tó ti wà nílẹ̀ ni. Àwọn tábìlì kan ti wà láti ọdún gbọọrọ, tí wọ́n ń ti inú ẹ̀dà kan bọ́ sí òmíràn. Ètò kan wà tó ń jẹ́ pg_upgrade tó ń gbé àwọn fáìlì lọ bí wọ́n ṣe rí, láìtún wọn kọ. Ìgbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ̀dà tuntun gbọdọ̀ lè tú ohun tí ẹ̀dà àtijọ́ fún pọ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ọ̀nà tuntun kún un fẹ́ ṣe é tóbi. Nikita Glukhov ló bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 2017, Ildus Kurbangaliev, láti ilé iṣẹ́ Postgres Professional ní Rọ́ṣíà, mú àbùlẹ̀ kóòdù kan wá tó ní kí ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀nà ìfúnpọ̀ tirẹ̀, kí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó sì so ó mọ́ òpó tó bá wù ú. Dátà kọ̀ọ̀kan á máa gbé nọ́ńbà ọ̀nà tí a fi fún un pọ̀ kiri. Bí ẹni tó ni tábìlì bá fẹ́ yí ọ̀nà padà, yóò sọ àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí òun ṣì fẹ́ kí wọ́n wà ní ìpamọ́. Èyí tí kò bá dárúkọ, ètò náà á tún gbogbo dátà rẹ̀ fún pọ̀, kí a lè yọ ọ̀nà yẹn kúrò láìséwu. Mo ka àwòrán iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sí ibi tí wọn kò fọwọ́ kàn.

Ibi tó ti há ni pé dátà tí a ti fún pọ̀ kì í jókòó sójú kan. Bí ènìyàn bá ní kí a da ìlà láti inú tábìlì kan sí òmíràn, PostgreSQL kì í tú u kó tún un fún pọ̀. Bó ṣe rí ló ń gbé e lọ. Bí òpó kan bá jẹ́ irú èyí tó gbé odindi ìlà mìíràn sínú, dátà tí a fún pọ̀ lè wọ inú ibẹ̀, kí ẹni tó ń wo òpó náà láti ìta má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹnì kan bá yọ ọ̀nà ìfúnpọ̀ kan kúrò nínú ètò, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí dátà kankan tó kù níbì kan tí yóò nílò rẹ̀. Kí a máa wá gbogbo ibi tí dátà lè gbà sá lọ, kí a máa tú u níbẹ̀ kí ó tó kọjá, á mú kí gbogbo iṣẹ́ tó kù falẹ̀ fún ohun tí ènìyàn díẹ̀ máa lò.

Dilip Kumar, tó wà ní ilé iṣẹ́ EnterpriseDB, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ó sì wo ibi tó kéré jù.

Dátà tí a fún pọ̀ máa ń ní báìtì 8 ṣáájú rẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe tóbi tó báyìí. Mẹ́rin kejì ń sọ bó ṣe tóbi tó kí a tó fún un pọ̀, kí ẹni tó fẹ́ tú u lè mọ àyè tó yẹ kó wá sílẹ̀. Báìtì 4 jẹ́ bíìtì 32. Ṣùgbọ́n PostgreSQL kì í gbà kí ẹyọ dátà kan tóbi tó gígábáìtì 1, bíìtì 30 sì tó láti ka iye èyíkéyìí tó kéré sí ìyẹn. Bíìtì 2 tó wà lókè pátápátá kò ní iṣẹ́ kankan. Òfo ni wọ́n, 0 àti 0, nínú gbogbo dátà tí pglz ti fún pọ̀ nínú gbogbo fáìlì tó wà nílẹ̀. Ó dà bí ìṣẹ́tí tí télọ̀ ká sínú aṣọ ọmọ ilé ìwé: ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti rán aṣọ, ọjọ́ tí ọmọ bá ga ni a ó tú u.

Bíìtì 2 lè gbé nọ́ńbà 4: 0, 1, 2, 3. Wọ́n fún pglz ní 0. Ìgbésẹ̀ kan yìí ló gba gbogbo dátà àtijọ́ là. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣí fáìlì kankan, kò sẹ́ni tó ní láti tún ohunkóhun kọ. Òfo tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ti ń sọ «pglz» kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi í. LZ4 gba 1.

Fún dátà tí a ti gbé lọ sí tábìlì kejì, irú bíìtì 2 bẹ́ẹ̀ wà nínú àmì ìtọ́ka báìtì 18 náà, lórí nọ́ńbà tó ń sọ ìwọ̀n ohun tí a kó lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ sì kíyè sí ohun kan: kò sí bíìtì kankan nínú àmì ìtọ́ka náà tó ń sọ pé a fún dátà yìí pọ̀ tàbí a kò fún un pọ̀. Wọn kò nílò rẹ̀. Bí ìwọ̀n tí a kó lọ bá kéré sí ìwọ̀n ojúlówó, a ti fún un pọ̀ nìyẹn.

Ó ku ẹni tó ń yan ọ̀nà. Nínú ìwé tí PostgreSQL fi ń rántí òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àyè lẹ́tà kan kún un: «p» fún pglz, «l» fún LZ4, òfo bí ẹni tó ni òpó náà kò bá yàn, kí a lo èyí tí gbogbo ilé ń lò. Lẹ́tà yìí kì í sọ ohunkóhun nípa dátà tó ti wà nínú òpó náà. Ohun tí a ó fi fún èyí tó ń bọ̀ pọ̀ nìkan ló ń sọ. Bíìtì 2 tó wà lára dátà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tí a fi fún òun pọ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò sí lẹ́nu ẹnì kan náà, òpó kan ṣoṣo lè gbé dátà pglz ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn àti dátà LZ4 ti àná lórí ojú ìwé kan náà, kí méjèèjì sì ṣeé kà. Àṣẹ tó ń yí ọ̀nà padà kì í fọwọ́ kan ìlà kan. Lẹ́tà kan ló ń yí.

Nínú fáìlì toast_compression.c, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ mẹ́ta wá: èyí tó ń fún pọ̀, èyí tó ń tú gbogbo rẹ̀, àti èyí tó ń tú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ìkẹta yẹn wà fún ẹni tó fẹ́ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé gígùn. Kò sí ìdí láti tú odindi ìwé nítorí rẹ̀. Ilé ìkàwé kóòdù LZ4 tí ẹ̀dà rẹ̀ kò tó 1.8.3 kò lè ṣe èyí bó ṣe yẹ, nítorí náà kóòdù náà á béèrè ẹ̀dà rẹ̀ ná. Bó bá ti pẹ́ jù, á tú gbogbo rẹ̀, á gé ohun tí wọ́n béèrè fún un. Bí wọ́n bá kọ́ PostgreSQL kan láìfi LZ4 sí i, tí dátà LZ4 wá bọ́ sí i lọ́wọ́, kò ní gbé ìdọ̀tí jáde fún ènìyàn. Á sọ gbangba pé òun kò ní LZ4, á sì dúró síbẹ̀.

Robert Haas ló gba iṣẹ́ náà wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2021. Nínú ọ̀rọ̀ tó kọ mọ́ ọn, ó dárúkọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ ìdí tí wọ́n fi jáwọ́ nínú èrò pé kí ọ̀nà púpọ̀ máa wọlé kí ó máa jáde nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ̀dà 14 tó jáde, wọ́n tún yọ ohun kan kúrò. Ní àkọ́kọ́, bí ènìyàn bá tún tábìlì tò pátápátá, ètò náà á máa yẹ dátà kọ̀ọ̀kan wò, á sì tún èyí tí kò bá lẹ́tà òpó rẹ̀ mu fún pọ̀. Wọ́n rí i pé yíyẹ̀wò yẹn ń fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn. Wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀dà 14 jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, pglz sì ṣì ni ẹni tí kò bá yàn ń bá pàdé nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà 2 àti 3 ló ṣẹ́ kù. Àlàyé kan wà nínú toast_compression.h tó kìlọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí ọ̀nà ìfúnpọ̀ máa ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n àkójọ nọ́ńbà yìí kò lè ju mẹ́rin lọ láéláé, nítorí bíìtì 2 ni gbogbo àyè tó wà. Lójú tèmi, ẹni tó bá máa lo èyí tó gbẹ̀yìn gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún ìfilọ̀ pé «orúkọ ọ̀nà yìí wà nínú báìtì tó tẹ̀ lé e», gẹ́gẹ́ bí pglz ṣe ń fi 15 pe báìtì kẹta. Bí a bá ná an sórí ọ̀nà lásán, ilẹ̀kùn ti nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń tọ́jú ìwé, ìròyìn tàbí oríkì sínú PostgreSQL ẹ̀dà 14 tàbí èyí tó tuntun jù ú lọ, ẹ lo pg_column_compression lórí òpó yín tó gùn jù. Á sọ fún yín, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀nà tí a fi fún un pọ̀. Ibi tó bá ṣófo, a kò fún un pọ̀ rárá. Kí ẹ sì kọ àmì ohùn yín pé.